Premium 93, E30, E85 tàbí epo ìdíje: èwo ló yẹ ọkọ̀ asáré yín?

Nọ́ńbà ọ́kítéènì mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára pọ́ǹpù ilé epo ní Amẹ́ríkà: 87, 89, àti 91 tàbí 93 tí wọ́n ń pè ní premium. Àwọn ilé epo kan tún ní ti E85 lọ́tọ̀, ìyẹn epo tí ẹtanọ́ọ̀lù (irú ọtí kan) pọ̀ nínú rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí ti gbogbo wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Mustang, Golf R tàbí Charger á wò wọ́n lọ wò wọ́n bọ̀, á rántí pé wọ́n ní ọ́kítéènì E85 ju 100 lọ, á sì gbà pé èyí tó ga jù náà ni yóò mú ọkọ̀ òun fò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́kítéènì kì í ṣe agbára.

Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ ni bí epo ṣe lè fara da ìfúnpọ̀ àti ooru inú sílíńdà tó, kó má baà gbaná fúnra rẹ̀ kí púlọ́ọ̀gì tó ṣáná sí i. Bó bá gbaná ṣáájú àsìkò, ẹ óò máa gbọ́ ìró kà-kà-kà nígbà tí ẹ bá tẹná láti gun òkè. Bó bá ń ṣe é léraléra, písítìnì lè sán. Ẹ́ńjìnnì tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ́ epo tí kì í tètè gbaná. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára ọkọ̀ òde òní tó ń fetí sí ìró yẹn. Bó bá ti gbọ́ ọ, bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì) á dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má baà bàjẹ́. Torí náà, epo tó relẹ̀ ju èyí tí ọkọ̀ ń fẹ́ lọ á gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó ga ju ohun tí wọ́n kọ sínú bíréènì bọ́ọ̀sì lọ kò ní fi nǹkan kan kún un. Camry tó ń mu 87 tí ẹ lọ rọ 93 sí, owó lẹ dà nù.

Ọkọ̀ tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni jù ni Dodge Challenger SRT Demon 170 tó jáde ní 2023. Lórí E10 tó wà ní ilé epo, ìyẹn bẹntiróòlù tó ní ẹtanọ́ọ̀lù díẹ̀, họ́ọ̀sìpáwà 900 ló ní. Lórí E85, ó di 1,025. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni o. Sẹ́ńsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà epo ló ń ka iye ẹtanọ́ọ̀lù tó ń kọjá, bíréènì bọ́ọ̀sì sì ti mọ ohun tó máa fi ṣe. Koenigsegg ní Sweden ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Jesko: 1,280 lórí bẹntiróòlù, 1,600 lórí E85. Ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n ti múra wọn sílẹ̀ fún epo yẹn kí wọ́n tó jáde. Èyí tó wà níwájú ilé yín ńkọ́?

Nọ́ńbà Houston, nọ́ńbà London, nọ́ńbà Èkó

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń ṣi nǹkan rà, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú rẹ̀. AKI ni wọ́n ń kọ sára pọ́ǹpù ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni pé wọ́n ro RON pọ̀ mọ́ MON, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà wọn ọ́kítéènì, wọ́n sì pín in sí méjì. RON nìkan ni wọ́n ń kọ ní Britain àti ní Nàìjíríà, RON sì máa ń fi bíi mẹ́rin sí mẹ́fà ga ju AKI lọ. 93 tí ẹ ń rà ní Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 98 ti London dọ́gba. 91 tí wọ́n là kalẹ̀ fún bẹntiróòlù Nàìjíríà, RON ni. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé epo Texas, ọ̀dọ̀ 87 ni wọn óò gbé e sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn dé ìsàlẹ̀, ó nídìí.

Ẹtanọ́ọ̀lù ni ọtí tó wà nínú ògógóró. Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é jù ní Amẹ́ríkà, ìrèké ní Brazil. Òun ni E dúró fún, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì ni iye rẹ̀ nínú epo: E10 ní nǹkan bí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, E30 ní 30. RON ẹtanọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ tó bíi 109. Ó tún máa ń gba ooru tó ju ìlọ́po méjì ti bẹntiróòlù kó tó di oru, èyí tó ń mú kí afẹ́fẹ́ tó ń wọ sílíńdà tutù. Ẹni tó ní tọ́bò mọ ohun tí afẹ́fẹ́ tútù jẹ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé gálọ́ọ̀nù kan ẹtanọ́ọ̀lù ní agbára iná tó dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta sí ti bẹntiróòlù, nítorí náà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ mu púpọ̀ sí i kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Mo kọ́kọ́ ń wo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìdérí táńkì àti sínú ìwé ọkọ̀, àti bóyá ẹnì kan ti túùnù rẹ̀ rí, ìyẹn ni pé ó tún ètò inú bíréènì bọ́ọ̀sì rẹ̀ kọ. Lẹ́yìn náà, ṣé epo náà wà nítòsí ilé, nítòsí ibi iṣẹ́, àti lójú ọ̀nà ìrìn àjò, nígbà òtútù àti nígbà ooru? Owó ńkọ́? Iye tí máìlì kan ń jẹ ni kí ẹ ṣírò, ẹ fi ti gálọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni ọkọ̀ máa ń jókòó láìrìn? Èyí tó kù ni mo kà sí jù: bí epo yìí bá tán ní aago méjì òru níbi tí kò sí irú rẹ̀, ṣé ọkọ̀ lè mu òmíràn dé ilé láìfọ́?

87 àti 88

Ti 87 kò gùn: bí ìwé ọkọ̀ bá ní 91, ẹ má rà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní Unleaded 88 ni E15. EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ti fàyè gba E15 fún ọkọ̀ ọdún 2001 sókè láti 2011, ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ yín ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ẹnì kan lè sọ fún yín pé E15 náà ni NASCAR, ìdíje ọkọ̀ ńlá ti Amẹ́ríkà, ń lò láti 2011. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ́kítéènì ti NASCAR jẹ́ 98. Ti ilé epo, 88.

Premium 91 àti 93

E10 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní Amẹ́ríkà. Òun ni epo tí ilé iṣẹ́ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ asáré. Ford gan-an sọ pé 93 ni àwọn lò láti rí iye họ́ọ̀sìpáwà tí wọ́n ń kọ fún Mustang EcoBoost. Kò sí ilé epo tí ẹ kò ti ní rí premium, kò béèrè pé kí ẹ pààrọ̀ nǹkan kan, ẹni tó tà yín lọ́kọ̀ kò sì ní rí ẹ̀sùn kà sí yín lọ́rùn lórí wáráńtì.

Wàhálà rẹ̀ ni pé premium ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Texas, Florida, Georgia àti New York ní 93. California àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ apá ìwọ̀ oòrùn kì í ju 91 lọ. Bí wọ́n bá túùnù ọkọ̀ yín fún 93 ní Houston, tí ẹ wá wà á lọ sí Los Angeles, ẹ gbọ́dọ̀ ní túùnù ti 91 lọ́wọ́ tí ẹ óò gbé wọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà. Túùnà tó bá mọṣẹ́ á ti fún yín ní méjèèjì láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Bí tiyín kò bá fún yín, ẹ bi í.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, ọ̀rọ̀ tiyín rọrùn jù. Láti oṣù Kẹsàn-án 2021 ni 95 lásán ti di E10 níbẹ̀. Super tó jẹ́ 97 sí 99 ni E5, òun náà sì ni ọkọ̀ asáré ń fẹ́. Tesco Momentum 99 àti Shell V-Power ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ Golf R. Ní ti E85, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ilé epo tí ẹ ti lè rí i níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an.

Èyí tí kò ní ẹtanọ́ọ̀lù rárá náà wà. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ní kábúrétọ̀ àti ọkọ̀ tí ẹ ń gbé pamọ́ láti ìgbà òtútù di ìgbà ooru ni mo máa ń ní kí wọ́n rà á fún. Ẹtanọ́ọ̀lù fẹ́ràn omi. E10 lè gba omi tó tó bíi ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́ra. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, omi àti ẹtanọ́ọ̀lù á jọ sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ táńkì, ìsàlẹ̀ ọ̀hún sì ni pọ́ǹpù ti ń fa epo. Ọkọ̀ tí ẹ ń wà lójoojúmọ́ kì í pẹ́ dé ibẹ̀.

E30: èyí tí mo fẹ́ràn jù

Kò sí ilé epo púpọ̀ tó ń tà á; àwọn kan ní apá àárín Amẹ́ríkà ní pọ́ǹpù tó ń pò ó fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù ń fi ọwọ́ ara wọn pò ó nínú táńkì: E85 díẹ̀, wọ́n á sì fi 93 kún un. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tọ́bò tó ń fọ́n epo tààrà sínú sílíńdà, ibi tí pọ́ǹpù àti ínjẹ́tọ̀ (ohun tó ń fọ́n epo) tó bá ọkọ̀ jáde lè gbé e dé nìyí, tí ẹ kò ní pààrọ̀ irin kankan. Túùnù ni ẹ máa sanwó fún. Èrè tó sì ń mú wá kò jìnnà sí ti E85 bí ẹ bá fi owó tí ẹ ná wé e.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ká ní táńkì gba gálọ́ọ̀nù 15, ó sì ti gbẹ. Rọ E85 gálọ́ọ̀nù 5, fi 93 ti E10 gálọ́ọ̀nù 10 lé e. Bí E85 yẹn bá ní ẹtanọ́ọ̀lù 70 nínú ọgọ́rùn-ún, E30 gééré lẹ ní. Ṣùgbọ́n òfin gbà kí ohun tí wọ́n ń pè ní E85 ní Amẹ́ríkà wà láàárín 51 sí 83. Bó bá jẹ́ 51 ni wọ́n tà fún yín, ohun tó wà nínú táńkì yín jẹ́ E24. Bó bá jẹ́ 83, ó ti lé díẹ̀ ní E34. Túùnà tó kọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí 30 gééré láìfi àyè sílẹ̀ ti kó yín sí yọ́ọ́yọ́ọ́.

Torí náà ẹ ra ìgò àyẹ̀wò. Ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n fa ìlà sí i lára, kò wọ́n. Ẹ bu omi sí i dé ìlà ìsàlẹ̀, ẹ fi epo kún un dé ìlà òkè, ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀ kó fara balẹ̀. Omi á fa ẹtanọ́ọ̀lù mọ́ra, bẹntiróòlù á léfòó. Ibi tí omi àti epo ti pín ti ga sókè ju ibi tí ẹ bu omi dé tẹ́lẹ̀; nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni iye ẹtanọ́ọ̀lù. Ẹ ṣe é ní ìta, kí ẹni tó ń mu sìgá jìnnà síbẹ̀.

E85

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ tí wọ́n túùnù dáadáa lórí E85 rí kì í fẹ́ padà sẹ́yìn, mi ò sì dá a lẹ́bi. Agbára náà kì í dín kù nínú ooru ọ̀sán, ibi tí ọkọ̀ tó ń mu 93 ti máa ń rẹ̀. Ìdíje Supercars ní Australia ti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní 2009. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ ní ìdí rẹ̀.

Bẹntiróòlù lásán ń fẹ́ afẹ́fẹ́ ìwọ̀n 14.7 fún epo ìwọ̀n kan. E85 ń fẹ́ nǹkan bí 9.8. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé epo tó ń kọjá nínú ínjẹ́tọ̀ gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 40 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ínjẹ́tọ̀ kékeré tí ẹ ní kó fọ́n E85, àfi bí ẹni ní kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa gbẹ̀gìrì. Bí epo kò bá tó, afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, ooru á gòkè, ẹ́ńjìnnì á sì kú sójú títì. Ínjẹ́tọ̀ ńlá, pọ́ǹpù ńlá, sẹ́ńsọ̀ ẹtanọ́ọ̀lù, owó túùnù lórí ẹ̀rọ dáínò tó ń wọn agbára ọkọ̀: ẹgbẹ̀rún dọ́là kì í pẹ́ lọ níbẹ̀. Wáráńtì lè bá a lọ, òfin èéfín àwọn ìpínlẹ̀ kan sì le. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó fi spánà kan nǹkan.

Ìdérí táńkì aláwọ̀ yẹ́lò ń tan àwọn kan jẹ. Ọ̀pọ̀ Tahoe àti F-150 ní in, wọ́n sì lè mu E85 láti ilé iṣẹ́ wá. Kí wọ́n lè mu ún jẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n fi sáré jẹ́ òmíràn.

Lórí owó, àwọn ará Brazil ló yẹ ká lọ kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ wọn. Ọkọ̀ tó ń mu méjèèjì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Volkswagen ti gbé Gol Total Flex jáde ní 2003, bẹntiróòlù wọn gan-an sì ti di E30 láti oṣù Kẹjọ 2025. Awakọ̀ wọn á kàn wo pọ́ǹpù méjèèjì: bí owó ẹtanọ́ọ̀lù bá ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó bẹntiróòlù lọ, kò ní rà á. Fún E85 ti Amẹ́ríkà, ẹ lè lo 75. Ká ní 93 jẹ́ dọ́là mẹ́rin, E85 gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́ta tàbí kó dín. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, agbára lẹ ń rà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ ń fi owó pamọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ìrìn tí táńkì kan ń rìn á kúrú. Ilé epo á di ọ̀rẹ́ yín.

Òtútù tún wà níbẹ̀. Ẹtanọ́ọ̀lù kì í fẹ́ gbaná nínú òtútù, nítorí náà wọ́n máa ń fi bẹntiróòlù púpọ̀ sí E85 nígbà òtútù. Ọkọ̀ tí wọ́n túùnù ní oṣù Keje lórí epo tó jẹ́ 80, tí kò sì ní sẹ́ńsọ̀, á bá 55 pàdé ní oṣù Kìíní. Ìdí nìyí tí mi ò fi ní bá ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí E85 láìsí sẹ́ńsọ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ bá wà, ẹ lè rọ E85 lónìí, 93 lọ́la, ọkọ̀ á mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ tún tètè máa pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bó bá jẹ́ ìrìn kúkúrú lẹ ń rìn jù, torí ẹtanọ́ọ̀lù máa ń ṣẹ́ sínú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná. Fílítà epo náà lè dí ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí E85 máa ń fọ ìdọ̀tí tó ti wà nínú táńkì láti ọjọ́ pípẹ́.

Epo ìdíje

Ó dára, ó sì wọ́n. Èyí tí kò ní òjé, bíi Sunoco 260 GT tí ọ́kítéènì rẹ̀ jẹ́ 100, lè wọ ọkọ̀ títì. Bó ṣe rí ní ilé epo kan náà ló ń rí ní ilé epo kejì, ohun tí E85 kò lè fọwọ́ sọ̀yà rẹ̀ nìyẹn. Èyí tó ní òjé ńkọ́? Ó ń pa sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, ó ń pa kátálíìsì tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́. Kò yẹ kó dé inú ọkọ̀ tẹ́ ẹ fi ń gbé ọmọ lọ síléèwé. Bí ọjọ́ tí ẹ ń lọ sí pápá eré lọ́dún kò bá ju ìka ọwọ́ kan lọ, ríra àgbá epo 100 fún ọjọ́ wọ̀nyẹn lè dín owó kù ju kí ẹ tú gbogbo ọ̀nà epo ọkọ̀ palẹ̀ fún E85.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà bí ilé iṣẹ́ ṣe gbé e jáde, premium tí ìwé ọkọ̀ kọ ni kó rà, kó sì fi owó tó kù ra táyà tó dára. Ó máa ṣe é láǹfààní ju epo èyíkéyìí lọ.

Ẹni tó ti túùnù, tó ń wa ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí ilé epo E85 kan sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kó mú E30 pẹ̀lú ìgò àyẹ̀wò. Bí ilé epo E85 bá tó bíi mẹ́ta ládùúgbò, tó sì ti ṣetán láti ra ínjẹ́tọ̀, pọ́ǹpù àti sẹ́ńsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó lọ sórí E85. Ẹni tó fẹ́ ra ìdajì wọn nísinsìnyí kó ra ìdajì lẹ́yìn owó oṣù tó ń bọ̀, kó dúró di ìgbà tí owó oṣù bá dé.

Ẹni tó ń gbé Mustang 1968 sínú gáráàjì ní oṣù mẹ́jọ nínú ọdún, èyí tí kò ní ẹtanọ́ọ̀lù ni tirẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra ọkọ̀ asáré àlòkù ní Amẹ́ríkà láti fi ránṣẹ́ sílé. Tiyín ni ó le jù. Ọkọ̀ tí wọ́n túùnù fún E85 tàbí 93 máa gúnlẹ̀ sí Àpápá, bẹntiróòlù tí òfin ní kó jẹ́ RON 91 ló sì máa bá pàdé. Kò sí E85 ní ilé epo kankan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ túùnù E85 nìkan ló wà nínú bíréènì bọ́ọ̀sì, ẹ́ńjìnnì á máa gba epo tó pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, iná púlọ́ọ̀gì á sì tún máa ṣẹ́ ṣáájú ìgbà tí epo Èkó lè fara dà. Sẹ́ńsọ̀ ẹtanọ́ọ̀lù kò lè gbà yín níbẹ̀: á ka òdo, á dá ọkọ̀ padà sórí túùnù 93, epo tó wà nínú táńkì kò sì tó 93. Ẹ sì rántí oṣù Kejì 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí wọ́n ní láti kó o kúrò lọ́jà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ti túùnù rẹ̀ rí. Bí kò bá mọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ojú ọ̀nà epo bóyá sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tó ní wáyà wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́, ẹ sì wo bóyá ínjẹ́tọ̀ àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ṣì jẹ́ ojúlówó. Kí ọkọ̀ tó wọ kọntéénà, ẹ san owó fún túùnà ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ kó dá a padà sí ti ilé iṣẹ́, tàbí kó kọ túùnù ti 87 AKI sí i, kí ó sì gbé fáìlì rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kọjá òkun tán, kọ̀ǹpútà tó lè ṣí bíréènì bọ́ọ̀sì yẹn lè má sí lọ́wọ́ mẹkáníìkì tí ẹ máa rí.